Ìdá Amọ̀ Kì Í Dá Rìn: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Sọ Bí A Ṣe Wọ̀n Ọ́n

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé owó kọ́ńgò ẹ̀wà ti lọ sókè lọ́jà, ohun tí ẹni tó mọ ọjà máa kọ́kọ́ béèrè ni pé: kọ́ńgò wo? Ṣé èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ni, àbí èyí tó pé? Ṣé wọ́n bù ú lé lórí ni, àbí wọ́n fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ tẹ́? Kò sí ìyá tó ń nájà tó máa gba iye owó láìmọ òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka tiwa, níbi tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, ojoojúmọ́ là ń ka "amọ̀: 23%" nínú iṣẹ́ ara wa, tí a ó sì kọjá lọ. A kì í béèrè kọ́ńgò wo.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Iye amọ̀ tí a ń kọ sínú iṣẹ́ àṣekágbá wa kì í ṣe ohun tí ilẹ̀ ṣàdédé sọ fún wa. Ìdáhùn ni sí ìbéèrè tí a bi ilẹ̀, lọ́nà tí a gbà bi í. Bí ọ̀nà bá yí, ìdáhùn á yí. Nítorí náà, iye amọ̀ tí a kò kọ ọ̀nà tí a fi wọ̀n ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Mo sì gbà pé a lè tún èyí ṣe ní ẹ̀ka wa láàárín sáà kan ṣoṣo, láìra ẹ̀rọ tuntun kankan.

Bí ògì ṣe ń tòrò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde tí wọn kò tíì fọwọ́ kan sìlíńdà láti ọjọ́ náà. A lè fi asẹ́ ya iyanrìn sọ́tọ̀. Amọ̀ kọ́. Hóró tí a ń pè ní amọ̀ kò tó 2 máíkírómítà ní fífẹ̀, ìyẹn ni pé bí a bá to ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta irú rẹ̀ tó tóbi jù lọ ní ẹsẹẹsẹ, mílímítà kan péré ni wọn yóò gùn. Kò sí asẹ́ kankan ní láàbù wa tó lè dá a dúró. Ohun tó kù ni ká ṣe é bí a ṣe ń ṣe ògì: ká pò ó mọ́ omi, ká gbé e kalẹ̀, ká sì máa wò ó bó ṣe ń wálẹ̀. Ohun tó bá tóbi á kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá kúnná jù á ṣì wà lókè, kò ní jẹ́ kí omi tètè tòrò.

George Gabriel Stokes ni ó fi ìṣirò sí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1851. Nínú omi kan náà, bí hóró kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju èkejì lọ, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò fi yára jù ú. Hóró tó fẹ̀ tó 50 máíkírómítà, níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, yóò fi ìlọ́po 625 yára ju hóró 2 máíkírómítà lọ. Bí omi bá wà ní 20°C, hóró 50 yóò rin sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45. Hóró 2 yóò lo wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 44 lórí ọ̀nà kan náà.

Lórí ìmọ̀ yìí ni G. W. Robinson ti gbé ọ̀nà pìpẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní Wales ní ọdún 1922: dúró de àkókò tó yẹ, fa omi díẹ̀ láti ibi tó jìn tó yẹ, gbẹ ẹ́, wọn ohun tó kù. Ní ọdún 1927, George Bouyoucos ní Michigan sọ pé ká má fa omi kankan. Ká ju haidirómítà sínú sìlíńdà, kí ó sọ bí omi ẹlẹ́rùpẹ̀ náà ṣe wúwo tó. Ó tún ọ̀nà yìí ṣe, ó sì tẹ àtúnṣe náà jáde ní ọdún 1962. Ẹ ṣí iṣẹ́ àṣekágbá tó bá wù yín nínú àpótí ìwé wa. Ẹ ó rí "Bouyoucos, 1962" níbẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ wa kì í sọ ohunkóhun mọ́.

Wákàtí méjì tí a ń pè ní amọ̀

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: giráàmù 50 erùpẹ̀ gbígbẹ, èròjà tó ń tú u ká, lítà omi kan, ká pò ó dáadáa, ká ka haidirómítà ní ìṣẹ́jú àáyá 40, ká tún kà á ní wákàtí 2. Òǹkà àkọ́kọ́ fún wa ní sílítì pẹ̀lú amọ̀. Òǹkà kejì la ń pè ní amọ̀.

Ẹ fi òfin Stokes wò ó. Ní láàbù tí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí 30°C, ibi tí haidirómítà ti ń wọn omi sábà máa ń jìn tó sẹ̀ǹtímítà 13 tàbí 14 bí erùpẹ̀ tó kù nínú omi kò bá pọ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, hóró tó ti kọjá ibẹ̀ ni èyí tó fẹ̀ ju nǹkan bí 4 máíkírómítà lọ. Gbogbo ohun tó wà láàárín 2 sí 4 ṣì wà nínú omi, haidirómítà sì ń ka gbogbo rẹ̀. Sílítì ni, ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní amọ̀. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Àwa ń pe ibi kan ní 2, ẹsẹ̀ wa sì wà lórí 4.

Ká sọ pé a ní erùpẹ̀ kan. A ti yọ gbogbo ohun tó yẹ ká yọ kúrò nínú òǹkà. Ní ìṣẹ́jú àáyá 40, ó ka 18. Ní wákàtí 2, ó ka 11.5. A fi sìlíńdà náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a kà á ní wákàtí 24, a fi ìṣirò wá ibi tí 2 máíkírómítà bọ́ sí láàárín òǹkà méjèèjì, ó jẹ́ 8.5. Pẹ̀lú giráàmù 50, òǹkà wákàtí 2 fún wa ní iyanrìn 64%, sílítì 13%, amọ̀ 23%. Èkejì fún wa ní iyanrìn 64%, sílítì 19%, amọ̀ 17%. Ẹ gbé méjèèjì lọ sórí àwòrán onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń pín ilẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ sandy clay loam. Ti èkejì jẹ́ sandy loam. Ilẹ̀ kan, sìlíńdà kan, ọwọ́ kan, orúkọ méjì.

Ẹ kíyèsí i pé méjèèjì ló pé 100. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Nínú ọ̀nà haidirómítà, ẹnikẹ́ni kò wọn sílítì. Ohun tó kù lẹ́yìn iyanrìn àti amọ̀ la ń pè bẹ́ẹ̀. Bí àṣìṣe bá wọ amọ̀, sílítì á gbé e pamọ́, àròpọ̀ á sì tún jẹ́ 100. Àròpọ̀ tó pé kì í ṣe ẹ̀rí pé a wọ̀n ọ́n dáadáa.

2.0 ta ni?

Nínú ìṣirò tí a ń kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ipele tó ṣáájú wa, nǹkan méjì wà tí a ń kọ láìronú: 0.2(T − 68) àti 2.0.

Èyí àkọ́kọ́ wà nítorí ooru. Ní 68°F, tó jẹ́ 20°C, ni wọ́n ti ṣe haidirómítà Bouyoucos kí ó máa sọ òótọ́. Bí omi bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fúyẹ́ sí i, kò sì ki tó ti tẹ́lẹ̀, hóró á yára wálẹ̀, haidirómítà á rì sí i, òǹkà á kéré. Ní láàbù wa ní oṣù kẹta, ta ló rí 20°C rí? Ká sọ pé omi wà ní 30°C, ìyẹn 86°F. Àtúnṣe jẹ́ 0.2 ní ọ̀nà 18, ìyẹn 3.6. Lórí giráàmù 50, ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tí kò bá ki tamómítà bọ sìlíńdà, tó kàn kọ 25°C sílẹ̀ nítorí pé ohun tí wọ́n kọ ní ọdún tó kọjá nìyẹn, ti sọ ìdá mẹ́ta àti ààbọ̀ nù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ka àárọ̀ àti ẹni tó ka ọ̀sán lọ́jọ́ kan náà kò sí nínú omi kan náà.

Èyí kejì, 2.0, wà nítorí èròjà tí a fi ń tú erùpẹ̀ ká. Èròjà náà fúnra rẹ̀ ń mú kí omi wúwo, haidirómítà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti amọ̀. Iye yẹn bá ìwọ̀n èròjà kan pàtó mu. Bí ẹ bá da ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú sìlíńdà, 2.0 kì í ṣe tiyín mọ́. Ọ̀pọ̀ ń lo mílílítà 100 láti inú omi tó ní giráàmù 50 sodium hexametaphosphate nínú lítà kan. Giráàmù 5 ló bọ́ sínú sìlíńdà. Ẹ ò lè fi 2.0 yọ ìyẹn kúrò.

Oògùn rẹ̀ rọrùn, kò sì gba owó: sìlíńdà kan tí omi àti èròjà nìkan wà nínú rẹ̀, láìsí erùpẹ̀, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn yòókù, kí ẹ kà á ní àkókò kan náà. Ohun tó bá kà ni kí ẹ yọ kúrò. Ooru àti iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀ pọ̀. Sìlíńdà kan yẹn yóò gbà yín lọ́wọ́ 68 àti 2.0 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo sì wà lórí èròjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Calgon" lásán mọ́. Orúkọ ọjà ni. Ohun tó wà nínú páálí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti yàtọ̀ sí ohun tí àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí lò. Orúkọ kẹ́míkà àti iye giráàmù ni kí ẹ kọ.

Iyanrìn ayédèrú

Gbogbo èyí ṣì dá lórí pé hóró kọ̀ọ̀kan dá wà nínú omi. Ilẹ̀ pupa wa kì í gbà bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Èròjà irin tó fún un ní àwọ̀ pupa máa ń lẹ àwọn hóró amọ̀ kaolinite pọ̀ di kóńkó kékeré tó le. Bí a kò bá tú wọn ká dáadáa, kóńkó náà yóò wálẹ̀ bí iyanrìn, haidirómítà á sì kà á ní iyanrìn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí iyanrìn ayédèrú. Ẹni tó bá fọwọ́ ra ilẹ̀ náà nígbà tó tutù, tó sì ń rà á lọ fún ìgbà díẹ̀, yóò rí i pé ohun tó kọ́kọ́ jọ iyanrìn ń di amọ̀ sí i lábẹ́ ìka rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá rẹ erùpẹ̀ sínú èròjà di ọjọ́ kejì kó tó fi ẹ̀rọ pò ó, tí ẹlòmíràn sì pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iye amọ̀ wọn kò ní dọ́gba, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Wọn kò bi ilẹ̀ ní ìbéèrè kan náà ni. Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí a mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti tú u ká, tí a fi omi lásán pò ó, nítorí pé a fẹ́ mọ iye amọ̀ tí òjò nìkan lè gbé lọ. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀gbàrá nílò iye yẹn ju ti èkejì lọ. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rò pé amọ̀ ilẹ̀ náà kéré.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an: òkúta wẹ́wẹ́. Ohun tó bá gba asẹ́ mílímítà 2 kọjá nìkan la ń wọ̀n. Bí 40% ilẹ̀ bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí a dà nù sẹ́yìn láàbù, tí a sì kọ amọ̀ 30%, 18% péré ni amọ̀ jẹ́ nínú gbogbo ilẹ̀ tí gbòǹgbò kòkó ń là kọjá. Ẹ wọn ohun tí ẹ fẹ́ dà nù kí ẹ tó dà á nù.

Ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé: ìdá mẹ́fà péré, kí ló dé? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó dé.

Nínú ètò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pín ilẹ̀, tí a ń lò fún iṣẹ́ àṣekágbá, ọ̀kan lára àwọn àmì tí a fi ń mọ ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kandic ni pé CEC rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 16 cmol lọ fún kílógíráàmù amọ̀ kan. Ká sọ pé CEC ilẹ̀ wa jẹ́ 3.4. Bí amọ̀ bá jẹ́ 23%, a ó pín in, yóò jẹ́ 14.8, ó wọlé. Bí amọ̀ bá jẹ́ 17%, yóò jẹ́ 20, kò wọlé. Ilẹ̀ ti yí orúkọ padà nítorí pé a ka haidirómítà kí a tó lọ jẹun ọ̀sán, a kò sì padà wá ní ọjọ́ kejì.

Ní ọdún 1962 kan náà tí Bouyoucos tẹ àtúnṣe rẹ̀ jáde, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ ìwé wọn jáde ní Ìbàdàn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ la ti ní orúkọ tí a ṣì ń pe ilẹ̀ wa títí di òní: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Àpòmù àti àwọn yòókù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbẹ́ ihò lónìí, tó sì rí i pé amọ̀ ilẹ̀ Ìwó tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé náà, ṣé ilẹ̀ ló yí padà lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ro ó, àbí òṣùwọ̀n ló yàtọ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ òṣùwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ kò lè dáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè bá a dáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sínú ọgbà ilé ìwé. Láti inú ìdá iyanrìn àti amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣírò iye omi tí ilẹ̀ lè gbé pamọ́, láìwọn omi náà fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún àgbẹ̀ iye ọjọ́ tó lè dúró kó tó tún bomi rin ewébẹ̀ rẹ̀ lákókò ẹ̀rùn. Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà lórí kọ̀ǹpútà náà ń kó àbájáde àtijọ́ jọ, tí wọ́n sì ń fi kọ́ ẹ̀rọ wọn. Ìwé tí ẹ rò pé kò sẹ́ni tó máa kà ju alábòójútó yín lọ lè di àmì kan lórí àwòrán tí gbogbo ayé ń wò, láìsí ẹni tó mọ̀ pé wákàtí méjì ni amọ̀ yẹn.

"Ẹ ra ẹ̀rọ lésà, ọ̀rọ̀ á parí"

Mo ti gbọ́ èyí púpọ̀, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ti dé òkè òkun. Ẹ̀rọ lésà yára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, yóò ya àwòrán gbogbo hóró láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, dípò ojú méjì tí haidirómítà ń fún wa. Mi ò bá a jà.

Ṣùgbọ́n kọ́ńgò mìíràn ni. Haidirómítà àti pìpẹ́ẹ̀tì ń sọ bí hóró ṣe ń wálẹ̀ nínú omi. Lésà ń sọ bí hóró ṣe ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ó sì ń ka àyè tí hóró gbà, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sì ń ṣe bí ẹni pé hóró rí roboto bí àgbàdo inú wàrà. Hóró amọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Ìpẹ́ máa ń falẹ̀ nínú omi, nítorí náà pìpẹ́ẹ̀tì á rò pé ó kéré. Ojú rẹ̀ sì fẹ̀ níwájú ìmọ́lẹ̀, nítorí náà lésà á rò pé ó tóbi. Ní ọdún 1997, M. Konert àti J. Vandenberghe fi ẹ̀rí hàn pé nínú erùpẹ̀ tí wọ́n wọ̀n, ohun tí pìpẹ́ẹ̀tì ń pè ní 2 máíkírómítà bá 8 máíkírómítà mu lórí ẹ̀rọ lésà. Bí a bá ra lésà lọ́la, tí a sì to àbájáde rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọdún tó kọjá nínú tábìlì kan, yóò dà bí ẹni pé amọ̀ ti sá kúrò ní oko ẹ̀ka wa ní òru ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ tuntun kò gbà wá lọ́wọ́ kíkọ òṣùwọ̀n sílẹ̀. Ńṣe ló tún mú kó di dandan.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ

Wọ́n ní láàbù kì í ṣí di alẹ́, iná kò sì dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n haidirómítà kò nílò iná. Pípò nìkan ló nílò ẹ̀rọ. Ẹ pò ó ní àárọ̀ nígbà tí iná bá wà, ẹ ka ti ìṣẹ́jú àáyá 40, ẹ ka ti wákàtí 2, ẹ bo sìlíńdà, ẹ máa lọ sílé. Ẹ padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ka ti wákàtí 24. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ohun tó gba agbára níbẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣí sìlíńdà yín nípò, kí wọ́n má sì dà á nù nítorí pé wọ́n ń wá ohun èlò.

Wọ́n tún ní bí a bá yí ọ̀nà padà, a ò ní lè fi iṣẹ́ wa wé ti àwọn tó ṣáájú. Èyí ló lágbára jù nínú àwíjàre wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí a pa wákàtí 2 tì. Ẹ kà á, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì pè é ní orúkọ rẹ̀: òǹkà wákàtí 2. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka ti ọjọ́ kejì. Pẹ̀lú méjèèjì, afárá wà láàárín tàná àti tòní. Ẹni tó bá ka ẹyọ kan nìkan, tó sì pè é ní amọ̀, ló já afárá náà.

Ìlà mẹ́fà àti garawa kan

Nǹkan méjì ni mo ń bẹ ẹ̀ka wa fún.

Èkínní, kí ìlà mẹ́fà wà lábẹ́ gbogbo tábìlì tó bá ní amọ̀ nínú, kí wọ́n má sì gba iṣẹ́ tí kò bá ní in:

1. Orúkọ èròjà tí a fi tú u ká, àti iye giráàmù tó wọ sìlíńdà.
2. Iye àkókò tí a fi rẹ ẹ́ àti èyí tí a fi pò ó, àti ohun tí a fi pò ó.
3. Àkókò tí a ka haidirómítà, gbogbo rẹ̀.
4. Ìwọ̀n ooru omi nígbà tí a kà á, àti òǹkà sìlíńdà tí kò ní erùpẹ̀.
5. Ibi tí a fi pààlà iyanrìn sí: 20 ni, 50 ni, àbí 75 bí àwọn ará ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ́ ọ̀nà ṣe máa ń ṣe. Nítorí iyanrìn tiwa kì í ṣe iyanrìn tiwọn.
6. Iye òkúta wẹ́wẹ́ tí asẹ́ mílímítà 2 dá dúró, àti bóyá a fi hydrogen peroxide pa ohun jíjẹrà inú ilẹ̀ run tàbí a kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni garawa. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ erùpẹ̀ láti ìpele kejì ní oko ẹ̀ka wa, bí àpò kan, ká sá a gbẹ, ká gún un, ká sẹ́ ẹ, ká pò ó kó dọ́gba, ká dà á sínú garawa onídèérí. Erùpẹ̀ atọ́nà ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́, kí sìlíńdà kan lára tirẹ̀ jẹ́ ti garawa yẹn, kó sì kọ ohun tó rí sórí páálí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri láàbù. Bí òǹkà rẹ̀ bá jìnnà sí ti àwọn yòókù, ohun kan ti ṣẹlẹ̀: èròjà ti bàjẹ́, haidirómítà ti yẹ̀, tàbí ó kánjú. Yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe níwájú àwọn olùdánwò. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, páálí yẹn yóò sọ fún wa bí ọwọ́ wa ṣe dúró sí, ohun tí kò sí ìwé kankan nínú àpótí wa tó lè sọ lónìí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí tàbí lókè òkun níbi tí pìpẹ́ẹ̀tì àti lésà wà, a kò tọrọ owó lọ́wọ́ yín nínú èyí. A ó fi ọ̀rá kékeré kan ránṣẹ́ láti inú garawa náà fún ẹni tí òfin ibi tó wà bá gbà á láyè láti gba erùpẹ̀. Ẹ bá wa wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ipele kẹrin, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín yóò wọ láàbù. Ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti gbé sìlíńdà kan tí kò ní erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiyín, tàbí láti padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ ṣe é, kí ẹ sì kọ ìlà mẹ́fà náà sábẹ́ tábìlì yín bí wọn kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín bá wá béèrè kọ́ńgò wo lẹ lò, kó rí ìdáhùn níbẹ̀.